Oṣù Mẹ́fà Lọ́dọ̀ Tèmi, Oṣù Mẹ́fà Lọ́dọ̀ Tìrẹ

Ohun tó ń pa èèyàn lẹ́kún nínú fíìmù Baghban kì í ṣe ebi. Bàbá àti ìyá tí ìtàn náà dá lé lórí rí jẹ, wọ́n rí mu, abẹ́ òrùlé ọmọ tí wọ́n bí ni wọ́n sì ń sùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ni pé àwọn ọmọ pín wọn. Bàbá lọ sílé ọmọ kan, ìyá lọ sílé ọmọ mìíràn, bí ẹní ń pín ogún lójú ẹni tó ni ín. Gbogbo àwa tí a ti wo fíìmù yìí ní Emùré-Èkìtì la ti ṣépè fún àwọn ọmọ náà. Àmọ́ bí mo bá ti pa tẹlifíṣọ̀n tí mo sì bọ́ síta, irú ìpín bẹ́ẹ̀ náà ni mò ń rí ládùúgbò wa, a tún máa ń kí ara wa kú oríire lé e lórí.

Ravi Chopra ló darí Baghban. Bàbá rẹ̀, B. R. Chopra, ògbólógbòó nídìí iṣẹ́ fíìmù ní Bombay, ló gbé e jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2003. Ó gùn tó wákàtí mẹ́ta, nítorí fíìmù Íńdíà kì í kánjú: orin ń bẹ, ijó ń bẹ, ẹkún ń bẹ. Amitabh Bachchan ni bàbá, Hema Malini ni ìyá. Àwọn ẹgbẹ́ mi mọ àwọn méjèèjì láti inú Sholay, fíìmù ọdún 1975, nígbà tí Amitabh jẹ́ géńdé tó ń yìnbọn láàárín àpáta, tí Hema Malini sì ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Nínú Baghban, irùngbọ̀n Amitabh ti funfun. Àwa tí à ń wò ó náà ti hewú.

Fíìmù Íńdíà kì í ṣe àlejò ní Nàìjíríà. Láti nǹkan bí ọdún 1950 lọ sókè ni àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì ti ń kó o wọlé fún àwọn ilé sinimá. Ní Kánò, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń wo Mother India tó jáde lọ́dún 1957, ìtàn Radha, ìyá tí ọkọ rẹ̀ sá lọ, tó fi èjìká ara rẹ̀ fa ohun èlò ìtúlẹ̀ bíi màlúù kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè jẹun. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kásẹ́ẹ̀tì ló gbé e wọ pálọ̀, lẹ́yìn náà ni àwo, fíìmù bíi mẹ́wàá nínú ẹyọ kan. Láti ọdún 2015 tí Zee World ti dé sórí DStv, tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ dípò Híńdì, ọ̀pọ̀ ilé ni oúnjẹ alẹ́ ti ń pẹ́.

Raj Malhotra ni orúkọ bàbá inú Baghban, òṣìṣẹ́ báǹkì ni. Pooja ni ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì ti fẹ́ra tipẹ́. Ọmọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n bí. Gbogbo owó tó yẹ kí Raj fi pamọ́ de ọjọ́ ogbó ló ná tán sórí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó tún tọ́ ọmọ aláìlóbìí kan tí ń jẹ́ Alok, ó rán an níwèé títí ọmọ náà fi dèèyàn. Salman Khan ló ṣe Alok. Nígbà tí Raj fẹ̀yìn tì, ó pe àwọn ọmọ jọ, ó ní òun àti ìyá wọn fẹ́ máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ọmọ ń wojú ara wọn, àwọn ìyàwó ń wojú ọkọ. Ìpinnu tí wọ́n mú jáde ni pé kí ọ̀kan gba bàbá, kí òmíràn gba ìyá, fún oṣù mẹ́fà. Bí oṣù mẹ́fà bá pé, àwọn méjì tó kù á gbà wọ́n. Èrò wọn ni pé àwọn òbí ò ní gbà, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Àwọn òbí gbà.

Nílé tí Raj wà, ó ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ nǹkan lóru, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní ariwo ẹ̀rọ náà kò jẹ́ káwọn sùn. Dígí ojú rẹ̀ fọ́, ọmọ rẹ̀ kò sì kánjú àtitún un ṣe. Nílé tí Pooja wà, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Payal, kò kà á sí, àfi lọ́jọ́ tí ìyá àgbà yìí gbà á lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó fẹ́ fi ipá bá a lò. Irú nǹkan kéékèèké báyìí ni fíìmù náà fi ń gún wa lára. Kò sí ẹni tó na àwọn arúgbó náà, kò sí ẹni tó lé wọn jáde.

Ọmọkùnrin kan tó ń gbé fíìmù sórí mẹ́mọ́rì fáwọn èèyàn lẹ́bàá ọjà ló bá mi gbé Baghban sórí fúláàṣì. Híńdì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wà nísàlẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà èmi ni mo máa ń ka ìsàlẹ̀ yẹn fún àwọn ìyá tó bá wá jókòó sí pálọ̀ mi. Kì í rọrùn. Mi ò ní tíì sọ gbólóhùn kan tán tí Ìyá Alákàrà á ti máa bèèrè pé, “Tíṣà, kí ló wí? Kí ló wí?”, òmíràn á sì ti kọjá. Bó bá yá, mo máa ń dákẹ́ kí wọ́n máa wo ojú. Ojú Amitabh tó kà láìsí tíṣà.

Ibì kan wà tí gbogbo wọn máa ń pa rọ́rọ́. Ọjọ́ kan ń bẹ lọ́dún tí àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Híńdù ń gbààwẹ̀ láti ìdájí títí òṣùpá á fi yọ, nítorí ẹ̀mí gígùn ọkọ wọn. Karva Chauth ni wọ́n ń pè é. Bí òṣùpá bá yọ, ọkọ ló yẹ kó fún ìyàwó lómi mu. Ṣùgbọ́n Pooja wà nílùú kan, Raj wà nílùú mìíràn, òun náà ò sì jẹun. Orí fóònù ni wọ́n ti jọ ṣínu. Àwọn ìyá ìjọ tó wà ní pálọ̀ mi, tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ òrìṣà rárá, etí gèlè ni wọ́n fi ń nu ojú níbẹ̀.

Èmi mọ irú fóònù yẹn dáadáa.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọmọ obìnrin tàbí ìyàwó ọmọ bá bímọ, ìyá ní í lọ wẹ ọmọ. Nígbà tí àwọn ọmọ ṣì ń gbé nítòsí, ìyá á lọ láàárọ̀, á fi aṣọ gbígbóná tẹ ìyá ìkókó níkùn, á wẹ ọmọ, á nà án, á fi òrí pa á lára, á sì padà wá gún iyán fún ọkọ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Báyìí àwọn ọmọ ti tú ká. Wọ́n wà ní Àkúrẹ́, wọ́n wà ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Àbújá. Àwọn mìíràn wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Kánádà. Ìyá ò lè lọ kó bọ̀ lọ́jọ́ kan mọ́, ó ń lọ gbé níbẹ̀ ni. Oṣù mẹ́ta tó bá wọn dá á di mẹ́fà, nítorí ìyá ọmọ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, owó tí wọ́n ń gbà níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn tọ́jú ọmọ kò sì ṣeé gbọ́ sétí. Kí ìyá tó di ẹrù rẹ̀ láti padà sílé, ìyàwó ọmọ kejì ti lóyún. Bàbá ńkọ́? Bàbá ń ṣọ́ ilé.

Ẹ gba Emùré kọjá ní ìrọ̀lẹ́, tàbí Ìsẹ̀, tàbí Ìkẹ́rẹ́ pàápàá tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì máa wo àwọn bàbá tó ń dá jókòó síwájú ilé pẹ̀lú rédíò. Àlejò á rò pé ìyàwó wọn ti kú. Ìyàwó wọn ò kú. Ìyàwó wọn wà l'Ékòó.

Ní ìparí ọdún 2023, ọmọbìnrin mi bímọ ní Ìkòròdú, mo sì lọ bá a. Ọkọ mi dúró nítorí ìgbà ìkórè kòkó ni. Ọkùnrin Èkìtì ni, tí kò ka oúnjẹ sí oúnjẹ bí kì í bá ṣe iyán, kò sì sí ẹni tí yóò gún un fún un, àfi lọ́jọ́ Àìkú tí ìyàwó àbúrò rẹ̀ bá rántí. Ó ń te ẹ̀bà fúnra rẹ̀. Lálẹ́, ó máa ń bọ́ síta wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbogbo àdúgbò á sì máa gbọ́ bó ṣe ń bi mí bóyá mo ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi náà á máa pariwo láti Ìkòròdú pé ṣé ó ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ohun tí a fi ń pe ara wa kò ju ìyẹn lọ. Kí ni àwọn arúgbó ń bá ara wọn sọ tẹ́lẹ̀?

Oṣù kìíní ọdún 2024 ni àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì iléèwé kan lọ́nà ní Emùré, bí wọ́n ti ń lọ sílé ní Eporo, wọ́n sì kó àwọn ọmọ kéékèèké àti àwọn olùkọ́ wọn wọgbó. Inú oṣù kejì ni a tó gbọ́ pé wọ́n ti tú wọn sílẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn ọmọ ọmọ mi wà lẹ́yìn mi ní Ìkòròdú, mò ń pe ọkọ mi, kò gbé e. Oko ló wà. Nígbà tó pè mí padà, ó ní ẹ̀rù ò ba òun, pé ta ló fẹ́ fi arúgbó ṣe kí ni. Mo mọ bí ohùn ọkọ mi ṣe máa ń rí bí ẹ̀rù bá ń bà á. Ó yẹ kí n wà nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ta ni kí n wá dá lẹ́bi? Ọmọ mi ò pín wa, ó kàn bímọ ni.

Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé Baghban rọrùn jù fún wa láti wò. Ó fún wa ní àwọn ọmọ burúkú tí a lè bínú sí. Àwọn ìyàwó ọmọ inú rẹ̀ burú ju bó ṣe yẹ lọ, bí ẹni pé àwọn obìnrin tó wá láti ìta ló ń ba ọmọkùnrin jẹ́, èyí tí mi ò gbà rárá. Èmi náà jẹ́ ìyàwó ọmọ rí. Alok ní tirẹ̀ dára ju ẹ̀dá lọ. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, tí Raj àti Pooja pàdé lọ́nà níbi tí wọ́n ti fẹ́ pààrọ̀ ilé, tí wọ́n jí ọjọ́ díẹ̀ lò fún ara wọn, Alok bá wọn pàdé, ó kó wọn lọ sílé rẹ̀, ó sì ń ṣe wọ́n bí ọba. Ìwé tí Raj ti ń kọ lóru di ìwé tí gbogbo ayé ń rà. Ó dára. Àmọ́ mélòó nínú wa ló ní Alok?

Fíìmù Amẹ́ríkà kan wà tí ìtàn rẹ̀ sún mọ́ èyí gidigidi, Make Way for Tomorrow, tí Leo McCarey darí lọ́dún 1937, nígbà tí ọrọ̀ ajé wọn dẹnu kọlẹ̀. Báǹkì gba ilé lọ́wọ́ tọkọtaya arúgbó, ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, kò sì sí èyí tó lè gba àwọn méjèèjì pa pọ̀. Wọ́n pín wọn bákan náà. Níkẹyìn wọ́n jọ rìn kiri New York fún ọ̀sán kan, bàbá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sọ́dọ̀ ọmọ tó wà ní California, ìyá fẹ́ wọ ilé àwọn arúgbó. Kò sí Alok níbẹ̀. Àwọn ọmọ ibẹ̀ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ burú. Yàrá ni wọn ò ní, owó ni wọn ò ní. Èyí ló jọ tiwa.

Ní ti pé kí òbí fi ara rẹ̀ jìn fún ọmọ, kò sí ohun tí Bombay fẹ́ kọ́ Èkìtì. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọrùn òbí ni owó girama ṣì wà. Bàbá mi fi kòkó dógò nítorí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ẹni tó yá ọ lówó ni yóò máa ká kòkó náà lọ́dọọdún títí wàá fi san owó rẹ̀ pé. Bàbá mi ló gbìn ín, òun ló ro ó, ó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí oko ẹ̀gẹ́ láìfọwọ́ kan èso kan. Ìyá mi ta aṣọ òfì méjì. Bí wọ́n bá ń ka iye ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti Èkìtì jáde, irú igi kòkó bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà.

Owó yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́, gbogbo wa la sì mọ̀. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ohun tí Raj rò nìyẹn, ohun tí bàbá mi rò náà nìyẹn. Òwe yẹn ò sọ pé kí akọ lọ mu ti ọmọ kan ní Ìbàdàn, kí abo lọ mu ti òmíràn ní Kánádà.

Àwọn fíìmù tiwa kì í sábà dé ibi yìí. Ìyá tó ń dá tọ́mọ ni àwa Yorùbá máa ń sunkún lé lórí. Túndé Kèlání ṣe Maami lọ́dún 2011, láti inú ìwé Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan. Fúnkẹ́ Akíndélé ni ìyá náà ní Abẹ́òkúta, tó ń jìyà kí Kashimawo ọmọ rẹ̀ má bàa jìyà. Ọmọ náà sì di agbábọ́ọ̀lù ní Arsenal. Fíìmù tó wọni lára ni. Bàbá inú rẹ̀, kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ ta wá lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n ta ló ti ṣe fíìmù fún wa nípa ọkọ àti ìyàwó tó ti lé lọ́gọ́ta, tí wọ́n ṣì fẹ́ràn láti máa rí ara wọn? A máa ń ṣe bí ẹni pé bí ọmọ bá ti dàgbà, ìfẹ́ bàbá àti ìyá ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Amitabh àti Hema Malini ń jó, wọ́n ń ṣeré, wọ́n ń jowú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e sí i, ọ̀kan nínú àwọn ìyá fọwọ́ bojú, ó ní, “Àgbàlagbà!” Kò sì kúrò níbẹ̀.

Lọ́dún 2007, ìjọba Íńdíà ṣe òfin pé dandan ni kí ọmọ máa tọ́jú òbí tó ti darúgbó. Òbí lè lọ síwájú ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè ní kí ọmọ máa san owó lóṣooṣù, tó lè tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá rúpíì. Níbí, lọ́dún 2011, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì lábẹ́ Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìní tó ti pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin ní 5,000 náírà lóṣù. Owó yẹn ra iṣu nígbà náà, mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Ní ti owó, ìjọba lè ràn wá lọ́wọ́. Adájọ́ wo ló fẹ́ pàṣẹ pé kí ìyá padà sílé wá bá ọkọ rẹ̀ gún iyán?

Ibi tí àríyànjiyàn máa ń pọ̀ sí ní pálọ̀ mi ni ìparí. Wọ́n fún Raj lẹ́bùn nítorí ìwé rẹ̀, ó dìde sọ̀rọ̀ lójú gbogbo èèyàn, àwọn ọmọ wá tọrọ àforíjì, àwọn òbí ò dárí jì wọ́n. Ìyá Alákàrà ní ó tọ́ sí wọn. Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ti pẹ́ kó tó wálé ní rárá, ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Mo sọ fún un pé Radha inú Mother India fi ìbọn pa ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ nítorí ó fẹ́ jí ọmọbìnrin abúlé gbé. Ó ní àwọn ará Íńdíà ò lójú àánú, kí n tún fi èyí tí wọ́n ti ń jó sí i.

Láìpẹ́ yìí ọmọbìnrin mi pè, ó ní Ọlọ́run ti tún ṣe é, pé kí n máa múra Ìkòròdú sílẹ̀. Mo bá a yọ̀, mo ní kó máa retí èmi àti bàbá rẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ibo ni Dádì máa sùn?” Mo ní bí kò bá sí àyè níbẹ̀, yàrá mẹ́rin ló ṣófo ní Emùré, omi kànga wa mọ́, kó wá bímọ sílé. Ó ní òun á bá ọkọ òun sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ ti ń bi mí bóyá ọkọ ọmọ máa ń jẹ iyán.